Èéfín Ogun Nínú Ọ̀fun Lowell

Ní àárín àwọn òkè Kentucky níbi tí wọ́n bí wa sí, kò sí ìyìn tó ju kí wọ́n sọ nípa ọkùnrin pé kì í ráhùn. Wọ́n á sọ ọ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n á sọ ọ́ níwájú ilé ìtajà, wọ́n á tún kọ ọ́ sára òkúta ibojì. Èmi Nadine, ẹ̀gbọ́n Lowell Pruitt, tí mo ti fi ọjọ́ ayé mi se oúnjẹ fáwọn ọmọ ilé ìwé, mo fẹ́ sọ tèmi: àrùn ni àìráhùn yẹn. Ó bá èédú pa bàbá wa, ó sì tún bá èéfín dojú kọ àbúrò mi. Inú ń bí mi bí mo ṣe ń sọ ọ́ yìí, mi ò sì ní tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

Bàbá wa wa èédú títí èédú fi gbẹ̀san lára rẹ̀. Á wúkọ́ nǹkan dúdú sínú agolo kọfí, á wá dé e pa kí ìyá wa má baà rí i. Bí ẹ bá bi í pé báwo lara, á ní, "Mo ń bá a yí." Nígbà tó kú sórí àga níwájú ilé, ilé-iṣẹ́ èédú ní sìgá ló pa á. Bàbá wa ò fẹnu kan sìgá rí láyé ẹ̀! Lowell wà lára àwọn tó gbé pósí, ọmọ ilé ìwé ṣì ni. Kò sunkún. Àwọn àgbà ń gbá a léjìká pé ọkùnrin gidi ni, èmi náà sì wà lára àwọn tó ń yìn ín.

Nígbà tó dàgbà, ó wọ ẹgbẹ́ ológun ìpínlẹ̀ wa, àwọn tó ń fi òpin ọ̀sẹ̀ kọ́ṣẹ́ ogun, tí wọ́n sì ń ṣe iṣẹ́ tiwọn láàárín ọ̀sẹ̀. Ó ń tún ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ṣe, ó fẹ́ Corinne, wọ́n sì ra ilé kékeré kan lẹ́bàá odò. Ogun Iraq bá dé, wọ́n kó gbogbo wọn lọ. Èmi rò pé ìbọn ló yẹ kí n máa bẹ̀rù. Mi ò mọ̀ pé pàǹtí ni.

Iṣẹ́ tí wọ́n fún Lowell lọ́hùn-ún ni kó máa dáná sun pàǹtí bárékè. Wọ́n gbẹ́ kòtò kan tó fẹ̀ tó pápá bọ́ọ̀lù. Gbogbo ohun táwọn sójà bá ti lò tán, inú ẹ̀ ni wọ́n ń dà á sí: ike omi, táyà, bátìrì, ọ̀dà, kọ̀ǹpútà tó ti bàjẹ́, ẹ̀gbin ilé ìwòsàn, àti ohun táwọn dókítà gé kúrò lára àwọn tó fara gbọgbẹ́. Lowell á da epo bàálù lé e lórí, á ṣáná sí i. Iná náà kì í kú. Èéfín ẹ̀ dúdú, ó nípọn, apá ibi tí wọ́n ń sùn ló sì máa ń gbà lọ. Wọ́n ń jẹun nínú ẹ̀, wọ́n ń sùn nínú ẹ̀, kẹ̀lẹ̀bẹ̀ dúdú ni wọ́n ń tu láàárọ̀. Ṣé wọ́n ráhùn? Wọ́n fi ṣe yẹ̀yẹ́ ni. Burl Cottrell, sájẹ́ǹtì wọn, ọmọ àfonífojì tó tẹ̀lé tiwa, á ní, "Ẹ máa gbádùn ẹ̀, ẹ̀yin ọmọ mi, ìjọba ò gbowó ẹ̀."

Ọjọ́ tí wọ́n ń padà bọ̀ wálé ni wọ́n fọwọ́ ara wọn ṣe ara wọn. Kí wọ́n tó tú wọn sílẹ̀ ní bárékè tí wọ́n kọ́kọ́ dé sí, wọ́n fún kálukú ní ìwé ìbéèrè nípa ìlera. Ṣé o fa èéfín símú? Ṣé o ń wúkọ́? Gbogbo wọn ló mọ̀ pé ẹni tó bá kọ bẹ́ẹ̀ ni, wọ́n á dá a dúró síbẹ̀ fún àyẹ̀wò. Bọ́ọ̀sì sì ti ń kùn níta. Àwa ará ilé ti kún gbọ̀ngàn eré ìdárayá ilé ìwé bámúbámú, àwọn ọmọdé ń ju àsíá, èmi sì ti din adìẹ tó lè bọ́ odindi abúlé. Ní bárékè lọ́hùn-ún, Burl gun orí àpótí kan, ó pariwo pé:

"Ẹ gbọ́ mi o! Ẹni tó bá fẹ́ sùn ti ìyàwó ẹ̀ lónìí, kó kọ rárá, rárá, rárá, títí dé ìsàlẹ̀. Ẹni tó bá kọ bẹ́ẹ̀ ni, òun àti dókítà ni wọ́n jọ máa sùn o!"

Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n sì kọ rárá. Ọkùnrin tó ń fọwọ́ ara ẹ̀ ṣáná sí kòtò yẹn kọ ọ́ sílẹ̀ pé òun ò fa èéfín kankan símú.

Ọdún ń gorí ọdún. Ohùn Lowell bẹ̀rẹ̀ sí í há, ó ní òtútù ni. Ó ń rù, ó ní ara òun ṣẹ̀ṣẹ̀ ń fúyẹ́ ni. Nígbà tí Corinne fi ẹkún àti èébú gbé e dé ọ̀dọ̀ dókítà ní Lexington, jẹjẹrẹ ti mú ọ̀nà ọ̀fun ẹ̀, ó sì ti ń nasẹ̀ lọ sí ẹ̀dọ̀fóró. Dókítà bi í bóyá ó ń mu sìgá. Kò mu ún. Ó bi í bóyá ó ti bá kẹ́míkà tàbí èéfín ṣiṣẹ́ rí. Lowell ń wo ilẹ̀. Corinne ló dáhùn fún un.

Ọkùnrin kan wà ní ọ́fíìsì ìjọba ìbílẹ̀ wa tó ń bá àwọn ológun tó ti fẹ̀yìn tì béèrè ẹ̀tọ́ wọn, Vernon Stiles. Ogun Vietnam bà á lẹ́sẹ̀ jẹ́, ṣùgbọ́n kò bà á lẹ́nu jẹ́. Vernon là á yé wa nídìí tábìlì ilé ìdáná mi. Bí ìjọba bá gbà pé èéfín ogun ló fa jẹjẹrẹ yìí, wọ́n á máa tọ́jú Lowell, wọn ò sì ní fi Corinne sílẹ̀ lọ́wọ́ òfo lẹ́yìn ẹ̀. Bí wọn ò bá gbà, gbèsè ìtọ́jú á gba ilé ẹ̀bá odò yẹn lọ. Wọ́n sì gbọ́dọ̀ gbà á nígbà tí Lowell ṣì lè la ẹnu, nítorí ẹnu ẹ̀ ni olórí ẹ̀rí tó wà.

A béèrè. Ọ́fíìsì ìjọba àpapọ̀ tó ń rí sí ọ̀ràn àwọn ológun kọ̀ ọ́, wọ́n ní ìwé tí Lowell fúnra ẹ̀ kọ fi hàn pé kò fa èéfín símú.

Mo ka ọ̀rọ̀ yẹn nídìí ààrò, ẹ̀wà mi sì jóná mọ́ ìkòkò. "Wọ́n gbé ìṣáná fún un, wọ́n gbé epo lé e lọ́wọ́, wọ́n wá ń sọ pé èéfín wo?" Mo pariwo títí ajá aládùúgbò fi ń gbó. Ẹni tó sùn là á jí, a kì í jí apirọrọ. Ta ló rán an níṣẹ́ yẹn bí kì í bá ṣe àwọn náà?

Vernon ní ọ̀nà kan ṣì wà: kí sájẹ́ǹtì wọn jẹ́rìí pé èéfín wà, pé òun lòun sì ní kí wọ́n kọ rárá. Mo bá lọ sílé Burl. Ó ti di díákónì, òun tún ni olórí ẹgbẹ́ àwọn ajagun àtijọ́ ní àgbègbè wa. Mo bá a níwájú ilé tó ń fọ ọkọ̀ ẹ̀.

"Nadine! Wọlé, jọ̀ọ́. Marlene ṣẹ̀ṣẹ̀ yan páì ápù."

"Ẹ ṣeun, Sájẹ́ǹtì. Páì kọ́ ni mo bá wá. Mo fẹ́ kẹ́ ẹ wá jẹ́rìí fún Lowell ni."

Ó ti mọ̀. Ó ń nu gíláàsì ọkọ̀ lọ. "Nadine, ṣé o fẹ́ kí n fọwọ́ sí i pé mo kọ́ àwọn ọmọ ogun mi láti purọ́ fún ìjọba?"

"Ṣé irọ́ ni pé ẹ kọ́ wọn?"

"Èéfín kan náà lèmi náà fà. Wò mí dáadáa. Ṣé mò ń kú? Sójà kì í ṣe ọmọ ọmú. Bí gbogbo ẹni tó bá ti ń wúkọ́ bá ń sáré lọ bá ìjọba..."

"Lowell ò lè gbé itọ́ mì mọ́, Burl!" Ìgbà tí mo gbọ́ ohùn ara mi, ọ̀wọ̀ ti fò kúrò nínú ẹ̀. "Ìwọ lo gun àpótí kọ́ wọn lọ́rọ̀, ọmọ ẹ ń kú, ìwọ wá ń fọ ọkọ̀! Iyì ẹ lò ń tọ́jú. O fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀, ò ń pa làpálàpá."

"Nadine, má bá mi sọ̀rọ̀ báyẹn nílé mi."

"Máa fọ̀ ọ́ o. Fọ̀ ọ́ kó dán. Òun ni wàá fi tẹ̀lé pósí ẹ̀."

Marlene ìyàwó ẹ̀ ti yọjú sẹ́nu ọ̀nà, ó mú àwo páì dání. Mi ò kí i.

Lẹ́yìn èyí, ọ́fíìsì ìjọba àpapọ̀ ní kí Lowell lọ rí dókítà tàwọn. Vernon bẹ̀ ẹ́: "Lowell, lọ bó o ṣe wà. Má fá irùngbọ̀n, má múra. Ọjọ́ tó burú jù fún ẹ ni kó o sọ fún wọn, kì í ṣe ọjọ́ tó dáa jù." Lowell ní òun ti gbọ́, sà. Nígbà tí mo yà sọ́dọ̀ wọn láàárọ̀ ọjọ́ náà, kí ni mo rí? Arákùnrin náà ti fá irùngbọ̀n, ó wọ kóòtù ìgbéyàwó ẹ̀ tó ti ṣò mọ́ ọn lára, ó sì ti kùn bàtà títí ó fi ń kọ mọ̀nà.

"Ìyàwó wo lo tún fẹ́ lọ gbé?" mo bi í.

"Nadine, ọ̀gá ológun ni dókítà yẹn tẹ́lẹ̀. Èèyàn ò lè lọ síwájú ọ̀gá bíi wèrè."

Ó dé ọ̀hún, dókítà ní báwo lara. Ó ní, "Dáadáa ni, sà." Ṣé ẹ ń jẹun? "Mò ń jẹun, sà." Corinne tó tẹ̀lé e wọlé sọ fún mi pé díẹ̀ ló kù kí òun la báàgì mọ́ ọn lórí. Dókítà kọ ọ́ pé aláìsàn náà mọ́ tónítóní, ó dúró ṣánṣán, kò sì ní àròyé kankan. Wọ́n tún kọ̀ ọ́.

Mo bú Lowell lọ́jọ́ yẹn bí mi ò ṣe bú ẹ̀dá rí.

"Ẹni tó bá dákẹ́, tara ẹ̀ á bá a dákẹ́! Ṣé o ò mọ̀ ni?"

"Bàbá ò ráhùn," ló fi fún mi lésì.

"Bàbá kú, Lowell! Bàbá kú, wọ́n sì fi sìgá tí kò mu purọ́ mọ́ òkú ẹ̀!"

"Kí lo wá fẹ́ kí n ṣe? Kí n máa sunkún níwájú wọn?"

"Bẹ́ẹ̀ ni! Sunkún! Bú wọn! Bọ́ bàtà tó o kùn yẹn, kó o fi sọ̀kò lù wọ́n!"

Ó rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín sì há sí i lọ́fun. Ojú ẹ̀ pọ́n, ọwọ́ ẹ̀ di etí tábìlì mú, Corinne ń gbá a lẹ́yìn. Nígbà tó rí èémí mí, ohun tó kọ́kọ́ sọ ni pé kí a má bínú. Kí àwa má bínú!

Ibi kan ṣoṣo ló kù, iwájú adájọ́. Wọ́n kó wa sínú yàrá kékeré kan ní ọ́fíìsì wọn, kò sí fèrèsé, tẹlifíṣọ̀n ńlá kan wà lára ògiri. Inú tẹlifíṣọ̀n yẹn ni adájọ́ wà, obìnrin kan tí irun ẹ̀ ti funfun, ó jókòó sí ìlú tiẹ̀ lọ́nà jíjìn. Lowell jókòó sáàárín, Vernon lápá ọ̀tún, Corinne lápá òsì, èmi lẹ́yìn. Wọ́n búra fún un.

"Ẹ káàárọ̀, Ọ̀gbẹ́ni Pruitt," ni adájọ́ wí. "Báwo lara lónìí?"

"Dáadáa ni, mà. Ẹ̀yin náà ńkọ́?"

Vernon dijú. Èmi ò mọ ìgbà tí mo dìde. "Irọ́ ni!"

"Ta nìyẹn?" adájọ́ béèrè.

"Ẹ̀gbọ́n ẹ̀ ni mí, mà. Irọ́ ló ń pa! Ó ti búra, ó sì ń purọ́!"

"Màdámú, ẹ jókòó, tàbí kẹ́ ẹ jáde."

"Nadine, jókòó," Lowell wí, kò tilẹ̀ wẹ̀yìn. Etí ẹ̀ ti pọ́n bíi ti ọmọdé tí wọ́n bá níbi tó ti ń jalè. Mo jókòó.

Corinne ló wá sọ̀rọ̀. Kò pariwo, kì í ṣe ẹni tó ń pariwo. Ó gbé ọwọ́ lé orúnkún ọkọ ẹ̀, ó ní, "Lowell, èmi ni mò ń fọ ṣòkòtò ẹ."

Lowell wò ó.

"Gbogbo ẹran tó o jẹ tí o ò lè gbé mì. Gbogbo ẹ̀ tó o fi bébà dì sápò. Láti ọdún tó kọjá ni mo ti ń kó o dànù. Mo mọ̀ pé ọkọ̀ lò ń lọ sùn sí, kí n má baà gbọ́ ọ nígbà tó bá ń fún ẹ lọ́rùn. Èmi náà ń dúró lójú fèrèsé, mò ń wò ẹ́. Sọ fún wọn. Tó ò bá sọ, èmi ò ní bá ẹ padà sílé yẹn."

Adájọ́ ò ní kí Corinne dákẹ́. Lowell bo ojú, ó pẹ́ kó tó ṣí i, omi sì ti ń já bọ́ níbẹ̀. Mi ò rí omi lójú ẹ̀ láti kékeré.

Ó wá sọ ọ́. Ohùn tó kù fún un kò ju ti ẹni tó ń sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ lọ, adájọ́ sì fi ọwọ́ sẹ́yìn etí kó lè gbọ́ ọ. Ó sọ bí omi lásán ṣe ń ta á lọ́fun bí ata. Ó sọ pé òun ń bẹ̀rù oúnjẹ. Ó sọ ohun tó wà nínú kòtò yẹn, tó fi dórí bàtà sójà kan tó jù sínú iná kó tó rí i pé ẹsẹ̀ ṣì wà nínú ẹ̀. Ó sọ pé kò sí ohun tí wọ́n fún wọn bo imú ju aṣọ ìnura lọ. Kò gbójú sókè títí ó fi sọ ọ́ tán.

"Kí ló wá dé," adájọ́ bi í, "tẹ́ ẹ fi kọ ọ́ pé ẹ ò fa èéfín símú?"

"Bọ́ọ̀sì ti ń kùn níta, mà," Lowell dáhùn. "Mo fẹ́ rí ìyàwó mi."

Wọ́n gbà á. Kò pẹ́ tó bí Vernon ṣe rò. Obìnrin kan ló tẹ Corinne láago, ohùn ẹ̀ ń dùn, ó ní ẹ kú oríire. Oríire! Corinne dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀, ó sì jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ ilé ìdáná. Gbogbo ayé rò pé ó yẹ kínú mi dùn. Ó dùn nítorí Corinne, mi ò ní purọ́. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n bi yín: kí ló yí padà? Èéfín ò yí padà. Kòtò ò yí padà. Ọ̀fun tí wọ́n kọ̀ lẹ́ẹ̀mejì náà ni wọ́n gbà yìí. Ohun kan ṣoṣo tí wọn ò tíì rí ni ẹkún ọkùnrin. Wọ́n ní kí àbúrò mi tú ara ẹ̀ sí ìhòòhò níwájú ìyàwó ẹ̀ àti níwájú tẹlifíṣọ̀n kí wọ́n tó gba ohun tí wọ́n ti mọ̀ láti ọjọ́ tí wọ́n ti gbé epo lé e lọ́wọ́. Mi ò dárí jì wọ́n. Àlùfáà wa ní kí n gbàdúrà sí i. Mo ní kó kọ́kọ́ jẹ́ kí n bínú tán.

Lowell ò lè dìde mọ́ nígbà náà. A gbé bẹ́ẹ̀dì ẹ̀ sí yàrá iwájú, níbi tó ti lè máa wo odò. Ó ní kí Corinne gbé fóònù wá, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í pe àwọn tí wọ́n jọ lọ sógun lọ́kọ̀ọ̀kan. Ọ̀rọ̀ kan náà ló ń sọ fún gbogbo wọn: lọ ṣàyẹ̀wò, lọ bá Vernon, má purọ́ fún dókítà. Àwọn kan bú u pé ó ti di obìnrin. Ìyàwó ọ̀kan gba fóònù lọ́wọ́ ọkọ ẹ̀, ó sì sunkún sí Lowell létí. Bó bá rẹ̀ ẹ́, á sùn díẹ̀, á jí, á ní kí wọ́n tún pe ẹlòmíì.

Burl ló pè gbẹ̀yìn. Corinne gbé fóònù sórí ìrọ̀rí, ó tẹ̀ ẹ́ kí gbogbo wa lè gbọ́. Èmi ni mò ń fi òwú tutù nu ẹnu Lowell, ó sì ṣẹ́jú sí mi pé kí n má dá sí i.

"Lowell! Ọmọ mi!" Burl wí. "Mo gbọ́ pé wọ́n ti fún ẹ. Inú mi dùn, tọkàntọkàn."

"Ẹ ṣeun, Sájẹ́ǹtì. Ẹ ti lọ ṣàyẹ̀wò?"

"Èmi? Kí ni mo fẹ́ yẹ̀ wò? O mọ̀ mí, egungun mi le bí irin."

"Ẹ mí kanlẹ̀ kí n gbọ́."

"Kí lò ń sọ?"

"Ẹ̀ẹ̀kan péré. Ẹ mí kanlẹ̀ sínú fóònù."

"Lowell, sinmi, ara ẹ ò yá."

"Sájẹ́ǹtì." Lowell gbé orí kúrò lórí ìrọ̀rí, iṣan ọrùn ẹ̀ yọ. "Gbogbo ohun tẹ́ ẹ ní kí n ṣe ni mo ṣe. Gbogbo ẹ̀. Ẹ̀yin náà ẹ ṣe ẹyọ kan tí mo bẹ̀ yín."

Lẹ́yìn náà la gbọ́ Burl tó fa èémí. Kò fà á dé ìdajì tó fi há. Ikọ́ bẹ̀rẹ̀, ó le, ó ń ti inú wá, ó ń fà á ya, kò sì dáwọ́ dúró. A gbọ́ ìró nǹkan tó ṣubú. A gbọ́ ẹsẹ̀ tó ń sáré bọ̀, àti ohùn Marlene láti iyàrá mìíràn, "Burl? Ṣé ó tún ti dé?"

Lowell fi orí lélẹ̀. Kò jẹ́ kí Corinne pa fóònù. Ó ń dúró dè é kó wúkọ́ tán.